Ìjì líle ń bọ̀ ní Houston, ìsàlẹ̀ ilé la wà, ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ wa: kí ni ká ṣe?

Bàbá Ọmọ Tuntun (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:14 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oṣù kọkànlá rèé tí a dé Houston láti Abẹ́òkúta. Apá Bissonnet la ń gbé, yàrá méjì, ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyàwó mi bímọ ní ọjọ́ méjìlélógún sẹ́yìn, màmá mi sì wá láti ilé kó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Láti àná ni fóònù mi ti ń dún pé hurricane kan ti wọ inú Gulf, òkun tó wà lẹ́bàá Texas, pé ó ṣeé ṣe kó gúnlẹ̀ sí etí òkun Texas lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Níbi iṣẹ́, ẹnì kan ní ká sá lọ sí Dallas lónìí. Ẹlòmíràn ní Category 1 lásán ni, pé ká ra omi ká jókòó. Màmá ní òun ò ní gbé ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan rìn lójú títì lóru. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i rí, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì Alief (9:52 àárọ̀)

Ẹ kú ewu ọmọ o. Olúwa yóò wò ó. Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ àti Màmá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kẹ́ ẹ yé fi Category wọn ìjì yìí. Agbára atẹ́gùn nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ: Category 1 bẹ̀rẹ̀ láti máìlì 74 ní wákàtí kan, Category 5 láti 157. Kò sọ iye òjò tó máa rọ̀, kò sì sọ bí òkun ṣe máa ga tó. Omi ló ń pa ènìyàn. Nígbà Harvey ní 2017, Rockport ni ìjì yẹn gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ibẹ̀ sì jìnnà sí wa dáadáa. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, atẹ́gùn rẹ̀ ti rọ. A ti ń dúpẹ́. Òjò ló wá dúró lé wa lórí, tí kò lọ mọ́. Ní Nederland, ìlú kan ní Texas níbí, òjò yẹn lé ní 60 íǹṣì. Ènìyàn 68 ni ìjì náà pa ní tààrà ní Texas, ẹ yọ mẹ́ta kúrò, omi òjò ló gbé gbogbo àwọn tó kù.

Ìsàlẹ̀ ilé bíi tiyín ni mo wà nígbà náà. Aago méjì òru, mo sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi kan omi. Mo rò pé ọmọ ló da nǹkan nù. Mo tan iná fóònù, sílípáàsì àwọn ìbejì ni mo kọ́kọ́ rí, ó ń léfòó lọ sí kíṣíìnì. Omi ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó tún ń yọ láti inú ihò ilé ìwẹ̀, ó dúdú, ó ń rùn. Mo gbé àwọn ọmọ sórí tábìlì, mo ń wá ìwé wa, n kò mọ ibi tí mo fi í sí. Obìnrin kan tó ń gbé lókè wa ló wá kan ilẹ̀kùn. Ará El Salvador ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì, mo gbé ọmọ kan fún un, mo gbé èkejì, a gun òkè. Ọjọ́ mẹ́ta la fi sùn ní pálọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, lónìí, kẹ́ ẹ tó lọ ra ohunkóhun, ẹ lọ kí ẹni tó ń gbé lórí yín. Kẹ́ ẹ jọ mọ ojú ara yín kí òru tó dé.

Awakọ̀ Tírélà (10:30 àárọ̀)

Àbúrò, ẹ kú oríire ọmọ. Ọ̀rọ̀ sísá lọ sí Dallas yẹn, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí.

Rita, oṣù kẹsàn-án 2005. Katrina ṣẹ̀ṣẹ̀ ba New Orleans jẹ́, kò tíì pé oṣù kan, àyà gbogbo wa ń já. Bí wọ́n ṣe ní Rita ń bọ̀, ẹni tí omi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, ẹni tí omi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà. I-45, títì ńlá tó lọ sí Dallas, dí pa. Ìrìn wákàtí mẹ́rin gba àwọn kan ní ọjọ́ kan gbáko. Epo tán nílé epo. Àwọn èèyàn pa AC kí epo inú mọ́tò má baà tán, oòrùn Texas ń pa wọ́n nínú ọkọ̀, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n tẹ́ sórí koríko lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń fi páálí fẹ́ ẹ. Bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú gbiná nítòsí Dallas, 23 ló kú sínú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó bá sísá yẹn lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Rita fúnra rẹ̀ sì yà, ààlà Texas àti Louisiana ló gbà.

N kò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Bẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ lọ nígbà tí títì ṣì ṣófo, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ àárọ̀. Kí táńkì kún láti òní. Kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ dé Dallas. Ẹni tó ń sá fún omi, ibi tó ga ló ń wá, ó sì lè má ju ogún máìlì lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tampa (11:05 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ẹ ṣeun. Àmọ́ mo bẹ̀bẹ̀, kí ẹni tó wà létí òkun má ka èyí kó wá jókòó o! Galveston, Kemah, gbogbo ibẹ̀ yẹn, bí ìjọba bá ti ní ẹ kó jáde, ẹ kó jáde.

Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2024, ìjì Helene ò gúnlẹ̀ sí Tampa níbí ní Florida. Àárín òkun ló gbà kọjá lára wa, ó jìnnà sí wa tó ọgọ́rùn-ún máìlì, Big Bend, lápá àríwá Florida, ló lọ. Àwọn aládùúgbò mi tó wà létí omi ní kò kàn wọ́n. Atẹ́gùn ò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òótọ́ ni. Òkun ló ń ga díẹ̀díẹ̀, ó rékọjá òpópónà, ó wọ pálọ̀, ó ga ju bí àwọn tó dàgbà sí àdúgbò yẹn ti rí i rí. Bí ìjì bá ń bọ̀, ó máa ń ti òkun síwájú ara rẹ̀ ni. Omi yẹn kì í jẹ́ ìgbì tó ń wá tó ń padà. Òkun gan-an ló gbéra nílẹ̀. Omi iyọ̀ yẹn náà ló wọ inú bátìrì àwọn mọ́tò oníná, àwọn kan sì gbiná nínú gáréèjì. Ẹni tó bá ní mọ́tò oníná tàbí kẹ̀kẹ́ oníná, kó gbé e kúrò nítòsí ilé kí omi iyọ̀ tó dé. Helene yẹn ṣì wọ ìgbèríko lọ, ó lọ rọ òjò sórí àwọn òkè North Carolina lágbègbè Asheville, ó pa èèyàn rẹpẹtẹ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ ìró òkun. Ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ́yìn rẹ̀, Milton tún dé bá wa.

Àwòrán funfun tẹ́ ẹ ń rí lórí tẹlifíṣàn, tó ń fẹ̀ bí ẹnu kàkàkí, ibi tí àárín ìjì lè gbà nìkan ló ń sọ. Lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, àárín yẹn gan-an máa ń yẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Òjò àti atẹ́gùn sì máa ń tàn kọjá rẹ̀ jìnnà. Nítorí náà, ẹni tó bá wà níta àwòrán yẹn kò tíì bọ́.

Bàbá Ọmọ Tuntun (12:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa yóò san án fún yín. Àmọ́ orí mi tún wá dàrú díẹ̀. Ẹnì kan ní kí n má sá, ẹnì kan ní kí n sá. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tèmi?

Bọ̀dá Katy (1:02 ọ̀sán)

Wọn ò ta ko ara wọn, àbúrò. Omi là ń sá fún. Atẹ́gùn, à ń fara pamọ́ fún un nínú ilé tó dúró dáadáa. Ìbéèrè tiyín ni: ṣé omi lè dé ibi tí ẹ ń sùn?

Méjì ni omi tó ń dé Houston. Àkọ́kọ́ ni òkun. Ìjọba ti pín apá ìlà-oòrùn àti etí òkun sí àgbègbè-àgbègbè ní ìbámu pẹ̀lú nọ́ńbà zip, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, wọ́n sì máa ń pe àwọn tó sún mọ́ òkun jáde ṣáájú. Bissonnet kò sí níbẹ̀. Títì àwọn tí òkun ń lé bọ̀ ni ẹ máa lọ dí bí ẹ bá jáde nígbà tí àwọn náà ń jáde.

Omi kejì ni ti òjò, òun ló kàn yín. Brays Bayou àti Keegans Bayou ló wà lágbègbè yín; odò kékeré tó ń la ìlú kọjá ni wọ́n ń pè ní bayou. Ìjọba Harris County ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi bí omi ṣe ga tó nínú gbogbo bayou hàn, wákàtí sí wákàtí. Ẹ wá a lónìí kẹ́ ẹ mọ èyí tó sún mọ́ yín jù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tó ti pẹ́ jù nínú ọgbà yín, ẹ bi í pé ní 2017, omi dé ibí? Ó ga dé ibo? Ìdáhùn yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí wọ́n ń pariwo lórí tẹlifíṣàn lọ.

Ẹ gbọ́ràn sí National Hurricane Center, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ìjì. Aago mẹ́rin àti aago mẹ́wàá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ń gbé ìròyìn kíkún jáde ní àkókò tiwa níbí. Bí wọ́n bá kéde watch, ó túmọ̀ sí pé atẹ́gùn líle lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48. Bó bá ti di warning, 36 ló kù. Ẹ parí gbogbo iṣẹ́ ìta kó tó di warning. Ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé wọ́n ti ṣí ìdè omi, pé báyìí báyìí, ẹ má tẹ̀ lé e, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìbàdàn (1:40 ọ̀sán)

Mo fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀. Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Mo wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 tí Ògùnpa ya. Ọmọdé ni mí. Odò tí a ń fò kọjá lọ sílé ìwé ni. Wọ́n ní ṣebí ọdọọdún ló ń kún. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé àwọn tí mo mọ̀. Kò sí hurricane ní Ìbàdàn, omíyalé lásán ni. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí àwọn ọmọ bá ní ó tó àsìkò láti gbéra, ẹ bá wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì Missouri City (3:15 ọ̀sán)

Ẹ kú oríire, bàbá ọmọ. Ẹ jẹ́ n fi gbogbo ara sọ èyí, torí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà Beryl.

Oṣù keje 2024 ni. Category 1 ni, ọjọ́ 8 ló gúnlẹ̀ ní Matagorda, létí òkun Texas. Kò pẹ́ tó fi kọjá. Àwọn oníbàárà iná mọ̀nàmọ́ná tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni iná wọn lọ, àwọn kan lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú òkùnkùn àti ooru. Ooru yẹn àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ló kó èèyàn wá bá wa lẹ́yìn tí ojú ọ̀run ti mọ́.

Ọmọ yín kọ́kọ́. Kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú nìkan. Ọmú ò nílò iná, kò nílò omi gbígbóná, kò nílò kéèyàn fọ ìgò. Bó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo ló ń mu, ẹ ra èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀, tí a kì í da omi sí. Màmá, mo kúnlẹ̀ o: ooru á mú, ọmọ á máa sunkún, ọkàn yín á sì fẹ́ kẹ́ ẹ fún un lómi díẹ̀. Ẹ má fún un. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ mu omi lásán, àgbo náà kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀. Ọmú léraléra ni omi tirẹ̀. Ìyá ọmọ ló yẹ kó máa mu omi púpọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ lára ọmọ kó ku pámpásì, ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Bó bá di pé kò tọ̀ mọ́, tàbí tó rọ jọwọlọ tí kò fẹ́ jí mu ọmú, ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá: ẹ kà á lónìí. Bí kò bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sílé oògùn lọ́la.

Jẹnẹrétọ̀ wá. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá mọ̀ ọ́n lò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù fún wa. Ní ilé, ẹ̀yìnkùlé la ń gbé e sí, lábẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, a sì máa ń mú un jẹ. Níbí, ilé ti di pinpin nítorí AC. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ẹ, á wá máa rẹ̀ ẹ́, o máa ní kí o sùn díẹ̀, ó parí. Mo rí ìdílé kan tí wọ́n gbé e sí gáréèjì, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀, tí wọ́n rò pé ó tó. Kò tó. Ogún ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán sí ara ilé, kí ẹnu èéfín kọjú síta. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dá iná èédú tàbí sítóòfù gáàsì ìta nínú ilé bákan náà. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí gáàsì yẹn bá wà, èyí tó ń lo bátìrì. Owó rẹ̀ ò pọ̀.

Ìyá Ìbejì Alief (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ọlọ́run á bù kún ọ, Nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, torí a kì í ṣe òyìnbó, agolo ẹ̀wà wọn ò lè tó wa. Gààrí! Kò nílò iná, kì í tètè bàjẹ́. Ẹ ra ẹ̀pà, kúlíkúlí, mílíìkì oníyẹ̀fun, sàdíìnì, búrẹ́dì, bísíkíìtì. Àmọ́ ẹ rántí pé gààrí ń mu omi, ẹ kà á mọ́ omi yín. Gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ ka ọmọ náà mọ́ ọn nítorí ìfọṣọ àti ìwẹ̀, ọjọ́ méje, gálọ́ọ̀nù 28 nìyẹn. Omi tó mọ́ ni mo ń sọ o. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ pọn omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ àti gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn fún dída sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹran àti ata inú fíríísà: láti ọ̀la, ẹ máa jẹ wọ́n tán. Ẹ rọ omi sínú ọ̀rá, ẹ to ó sí àyè tó bá ṣófo kó di yìnyín. Fíríísà tó kún, tí ẹ kò bá ṣí i, á tutù fún bíi wákàtí 48. Fíríìjì ò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹ ṣe èyí fún mi: ẹ di omi inú ife kan ní yìnyín, ẹ fi kọ́ìnì kan lé e lórí, ẹ dá a padà sínú fíríísà. Bẹ́ ẹ bá padà wá tẹ́ ẹ bá kọ́ìnì náà nísàlẹ̀ ife, gbogbo nǹkan ibẹ̀ ti yọ́ rí, kódà bó tún ti dì. Ẹ kó o dà nù. Má wo owó ẹran.

Onísirò Pearland (7:30 alẹ́)

Ìwé ni tèmi. Páṣípọ́ọ̀tù gbogbo yín, ìwé ìbí ọmọ, káàdì Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni), ìwé físà, àdéhùn ilé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá tó ń pa ẹnu dé, ẹ ya àwòrán wọn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò sí ní Texas. Ẹni yẹn náà ni kí gbogbo ẹbí máa pè. Títẹ àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń kọjá nígbà tí ìpè kò bá kọjá, ẹ sọ fún àwọn ará ilé ní Abẹ́òkúta láti ìsinsìnyí kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Ẹ mú owó kéékèèké dání, torí bí iná bá lọ, káàdì ò ní ṣiṣẹ́.

Lọ́la, ẹ gbé fóònù, ẹ ya fídíò gbogbo yàrá, ẹ ṣí kọ́ńbọ́ọ̀dù, ẹ ya nọ́ńbà ẹ̀yìn tẹlifíṣàn.

Adójútòfò àwọn ayálégbé kì í san ti omíyalé. Ti omíyalé dá dúró, ayálégbé náà lè rà á fún ẹrù rẹ̀, àmọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti bọ́ fún ti ìjì yìí. Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń ka èyí, oṣù karùn-ún ló yẹ ká ti rà á, torí ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n oṣù kọkànlá ló ń parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni èyí. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé kì í rí owó ìrànwọ́ FEMA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àjálù, gbà ní orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tẹ́ ẹ bí síbí, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Òbí lè béèrè ní orúkọ ọmọ náà tó bá ti ní nọ́ńbà Social Security. Ibùdó ìsádi sì wà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, kó pe 211, nọ́ńbà ìrànwọ́ ní Texas.

Bàbá Ọmọ Tuntun (Ọjọ́bọ̀, 8:10 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti kí àwọn ará òkè, tọkọtaya ni, wọ́n ní ọmọ mẹ́ta nínú yàrá kan, síbẹ̀ wọ́n ní ká má bẹ̀rù. Bàbá àgbàlagbà kan ní ìdí kejì ọgbà wa mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó ní ibí ló dé ní 2017. Orúnkún mi gan-an ni.

Ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan wà ní Cypress, ilé olókè ni, omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà Harvey. Ọ̀la aago mẹ́wàá àárọ̀ la ó gbéra. Nígbà tí Màmá gbọ́ pé kò tó wákàtí kan, pé ojúmọ́ sì ni, wọ́n ti ń kó ẹrù ọmọ. Epo ti kún táńkì. A ti gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti tẹlifíṣàn sórí tábìlì. Kọ́ìnì ti wà nínú fíríísà.

Awakọ̀ Tírélà (8:34 alẹ́)

O káre. Bí omi bá wà lójú títì, má wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ bàtà kan omi tó ń ṣàn lè gbé mọ́tò kékeré, méjì á gbé jíìpù. Lóru, o ò lè mọ̀ bóyá títì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Yí padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tampa (9:01 alẹ́)

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí atẹ́gùn bá ti ń le, ẹ kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Yàrá tí kò ní fèrèsé, láàárín ilé, ni kẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn inú. Téèpù tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ò wúlò fún ohunkóhun, plywood tí wọ́n kàn mọ́ ọn láti ìta ló ń dáàbò bò ó. Bí gbogbo nǹkan bá dákẹ́ lójijì láàárín ìjì, ó lè jẹ́ ojú ìjì ló wà lórí yín. Ẹ má jáde. Atẹ́gùn á tún padà láti apá kejì.

Bí omi bá sì dé ilé olókè tẹ́ ẹ wà, òkè ni kẹ́ ẹ gùn, àmọ́ ẹ má wọ àjà tí kò ní ojú ọ̀nà àbájáde. Àwọn tó há sábẹ́ páànù nígbà Katrina pọ̀.

Bàbá Ọmọ Tuntun (Ọjọ́ Ajé, 11:25 àárọ̀)

Ẹ bá wa dúpẹ́. Gbogbo wa wà láàyè. Ọmọ ń mu ọmú, Màmá ń kọrin. Iná ò tíì dé ní Cypress. Èmi nìkan ni mo padà wá wo ilé láàárọ̀ yìí. Omi wọlé dé kókósẹ̀, ó ti lọ, ẹrọ̀fọ̀ ló kù. Kápẹ́ẹ̀tì ti rin gbingbin. Kọ́ìnì wà nísàlẹ̀ ife, mo ti kó ẹran dà nù. Kí ló kàn?

Onísirò Pearland (11:40 àárọ̀)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ya àwòrán kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò, pàápàá ipa omi lára ògiri. Kọ̀wé sí onílé lónìí. Ẹni tó bá ní òun ti FEMA wá, tó wá ń béèrè owó, irọ́ ni, FEMA kì í gba owó. Oníṣẹ́ tó bá ní kẹ́ ẹ san gbogbo owó kóun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbà á.

Bọ̀dá Katy (11:48 àárọ̀)

Má fọwọ́ kan ibi tí iná ń gbà wọlé bí ẹsẹ̀ rẹ bá wà nínú omi. Wáyà tó bá ṣubú sílẹ̀ níta, kà á sí pé iná wà nínú rẹ̀, má sún mọ́ ọn. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn gbọ́dọ̀ jáde lónìí, torí láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ṣí fèrèsé. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa mú ẹnì kan dání, ká jọ gbé e.

Nọ́ọ̀sì Missouri City (12:06 ọ̀sán)

Wọ bùútù tó ga àti ìbọ̀wọ́. Omi yẹn ní ìgbẹ́ nínú, ejò àti èèrà pupa sì máa ń sá wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Tó o bá ní ojú egbò lára, bò ó dáadáa. Má tíì gbé ọmọ padà síbẹ̀, ó kéré tán títí ilé á fi gbẹ. Bó o bá sì dé Cypress lálẹ́, wẹ̀, kó o pààrọ̀ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà kó o tó gbé e.